Ìyá Tó Ní Sárì fún Gbogbo Ọkùnrin: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìyá Telugu

Ìyá mi àgbà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ. Ọmọ yín pọ̀ lóòótọ́: nígbà tí ìjọba Íńdíà ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 2011, mílíọ̀nù 81 ló ní èdè yín ni àwọn gbọ́ lẹ́nu ìyá àwọn. Ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ìpínyà. Láti 2014 tí ìpínlẹ̀ Telangana ti kúrò lára ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, wọ́n ní ìyá ti di méjì, Telugu Talli lápá kan, Telangana Talli lápá kejì, oníkálukú pẹ̀lú ère tirẹ̀. Èmi ò dá sí ìjà orogún. Ẹni tí lẹ́tà yìí bá kọ́kọ́ bá nílé, kó kà á sí èkejì létí.

Ẹ ò mọ̀ mí. Ìbàdàn ni mo ń gbé, sinimá yín ni kì í sì í jẹ́ ká tètè sùn. Ìyàwó mi ti wo RRR lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, ó pa tẹlifíṣàn, ó yíjú sí mi, ó ní: "Bàbá Àdùnní, ta gan-an ni Ram fẹ́ nínú fíìmù yìí? Ṣé Sita tó ń retí rẹ̀ lábúlé ni, àbí Bheem tó gbé e kọ́rùn?" N ò rí èsì fún un. Ẹ̀yin ni mo wá bi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júbà. Ní Kétu àti káàkiri ibi tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń jáde lóru kí ijó ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Á júbà àwọn ìyá, á kí wọn títí, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa fi orin tú àṣírí ìlú, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá sì bá kò gbọdọ̀ bínú. Ọkùnrin ni, ọkùnrin sì ni àwọn tó ń jó tẹ̀lé e, àwọn tó so ọmú igi máyà, tí wọ́n yá gèlè lọ́wọ́ obìnrin ilé, kí inú àwọn ìyá lè dùn sí ìlú. Nítorí náà, ẹ má rò pé ilé tí ọkùnrin kì í fọwọ́ kan gèlè ni mo ti wá. Ẹ̀fẹ̀ ni mo wá ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin, àti àwọn obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ fi èdè yín sọ ìtàn wọn, kíá ni wọ́n á ní kò sí irú ẹ̀ nílé Ìyá Telugu, pé ẹrù òyìnbó ni, inú ọkọ̀ òfurufú ló bá wá. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí àpótí aṣọ yín wò.

Láti ìdí àpótí ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Akéwì Nannaya bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Mahabharata, ìtàn akọni àtayébáyé ilẹ̀ Íńdíà, di ti Telugu ní ọ̀rúndún 11, kò parí rẹ̀. Ní ọ̀rúndún 13, Tikkana gbà á ṣe. Ṣé ibi tí Nannaya dá a dúró sí ló ti mú un? Rárá o. Ó fo ibẹ̀, ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti apá tí wọ́n ń pè ní Virata Parva, ìyẹn ibi tí Arjuna, akọ nínú àwọn akọ, ti lo odindi ọdún kan pẹ̀lú orúkọ Brihannala, tó wọṣọ obìnrin, tó ń kọ́ ọmọ ọba ní ijó. Ẹnu ọ̀nà tí àgbà akéwì yín gbà wọlé nìyẹn. Ní 1963, ẹ tún gbé ìtàn náà lọ sí sinimá, ẹ pè é ní Nartanasala. Nínú gbogbo òṣèré tó wà nílé, N. T. Rama Rao lẹ yàn fún Brihannala, ọkùnrin tí àwọn èèyàn ń rí bí òrìṣà nítorí pé òun ló ń ṣe òrìṣà Krishna nínú fíìmù. Aṣọ ijó yẹn kò dí i lọ́wọ́ láti di olórí ìjọba Andhra Pradesh ní 1983. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ni Bheem inú RRR. Ìyàwó mi pariwo nígbà tí mo sọ fún un.

Ó tún ku Mayabazar, ti 1957. Ghatotkacha òmìrán ló para dà di Sasirekha, ọmọge. Savitri ló ṣe é. Obìnrin tó ń ṣe bí ọkùnrin tó ń ṣe bí obìnrin! Gbogbo ìlú fẹ́ràn rẹ̀, títí di òní ni wọ́n sì ń wò ó pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Ní abúlé Ryali lẹ́bàá odò Godavari, ère kan wà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta kan ṣoṣo: tí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, òrìṣà Vishnu ni, tí ẹ bá yí sẹ́yìn, Mohini ni, obìnrin pẹ̀lú irun rẹ̀. Wọn ò fi aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní Tirupati, nígbà àjọ̀dún Gangamma, ọkùnrin onímusítáṣì ló ń ró sárì, tó ń wọ ẹ̀gbà, tó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún òrìṣà obìnrin náà. Ẹ wá gbé ìyẹn náà sínú Pushpa 2 ní 2024. Allu Arjun, tó ti gba ẹ̀bùn òṣèré ọkùnrin tó dára jù ní gbogbo Íńdíà fún apá kìíní, wọ sárì, ó kun ara, ó jó, ó sì na gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọkùnrin tó ń wò ó. Kò sí ẹni tó ní àṣà òyìnbó ni.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀ ni Kuchipudi, abúlé àwọn oníjó.

Wọ́n ní Siddhendra Yogi ló fi lélẹ̀ pé gbogbo ọmọkùnrin Brahmin abúlé yẹn gbọ́dọ̀ ṣe Satyabhama, ìyàwó Krishna, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Gbogbo abúlé, láti ìran dé ìran, bàbá ń kọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ bí obìnrin ṣe ń rìn lọ bá ọkọ tó ń bá jà, bó ṣe ń fi irun dídì gígùn ṣe ìgbéraga, bó ṣe ń sunkún tí tìróò kò fi bàjẹ́. Vedantam Satyanarayana Sarma ṣe é tó fi jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ àti ti Satyabhama kò ṣe é yà. Lórí ìtàgé eré onítàn, Sthanam Narasimha Rao ti ṣe obìnrin ṣáájú rẹ̀, àwọn obìnrin ìlú sì lè lọ kọ́ ìwọṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìjọba Íńdíà fi oyè Padma Shri dá àwọn méjèèjì lọ́lá, ó sì tọ́ sí wọn. N ò sọ pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin o. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á bọ́ sárì, wọ́n á nu tìróò, wọ́n á lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó wọn.

Ìbéèrè mi dá lórí ẹni tí kò ní bọ́ ọ. Ìyá, nígbà tí Satyabhama ń gba àtẹ́wọ́ ní etí odò Krishna, òfin kan wà ní Hyderabad, láti ayé Nizam, ọba ibẹ̀, ọdún 1919. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn hijra, àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbé bí obìnrin, sínú ìwé, kí ọlọ́pàá sì mú èyí tí wọ́n bá rí nínú aṣọ obìnrin nígboro, tàbí tó ń jó, tàbí tó ń kọrin. Ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún méjì. Sárì kan náà ni, ijó kan náà. Ọ̀kan gba Padma Shri, èkejì wọ ìwé ọlọ́pàá. Òfin yẹn wà níbẹ̀ títí di oṣù keje 2023, nígbà tí Vyjayanti Vasanta Mogli àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹjọ́, tí ilé ẹjọ́ gíga Telangana sì fagi lé e. Nizam ti lọ, Gẹ̀ẹ́sì ti lọ, Telangana fúnra rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òfin yẹn ṣì ń mí.

Mo mọ̀ pé hijra àti ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin kì í ṣe nǹkan kan náà. Ẹ̀yin lẹ kó wọn sínú àpò kan. Nínú fíìmù àwàdà yín, tí ọkùnrin kan bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó ju ọwọ́ báyìí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sún kúrò, á wojú kámẹ́rà, á ní "teda". Ìtumọ̀ teda ni "ìyàtọ̀". Ìyàtọ̀ lásán! Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà ń lò tí owó kò bá pé ni ẹ fi ń pe ọmọ yín. Tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe bí ọ̀mọ̀wé nínú ìwé ìròyìn, ẹ ní "swalinga samparkulu", àwọn tó ń fara kan akọ tàbí abo bíi tiwọn. Ó dà bí ìkìlọ̀ tí iléeṣẹ́ mànàmáná lẹ̀ mọ́ òpó. Nínú ọ̀kan, ẹ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nínú èkejì, ẹ ń fi wọ́n sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ibo ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè fi sọ fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná wà?

(Ẹ má dá mi lóhùn pé tiwa ńkọ́. Tiwa náà ò sàn. Ìwé ìròyìn wa á kọ "ìbálòpọ̀ akọ sí akọ", bíi pé ewúrẹ́ ni wọ́n ń sọ. Ti ìgboro, èébú ni, n ò ní kọ ọ́ síwájú àgbàlagbà.)

Ẹ ti ṣe irú èyí rí, Ìyá, ó sì mú ìtìjú bá yín. Ní ọ̀rúndún 18, ní ààfin Thanjavur, Muddupalani fi èdè yín kọ Radhika Santwanam, ó kọ nípa ohun tí obìnrin ń fẹ́ lórí ibùsùn, ó sì kọ ọ́ láìbo ojú. Nígbà tí Bangalore Nagarathnamma tún un tẹ̀ ní 1910, àwọn àgbà ìwé yín fárígá. Veeresalingam, alátùn-únṣe ńlá, ẹni tó jà fún kí opó lè tún ọkọ fẹ́, ti sọ ṣáájú pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí obìnrin gbọ́, ká má tilẹ̀ sọ pé kó jáde láti ẹnu obìnrin. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé ìwé náà. Ó di 1947 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Lónìí, ẹ ń pe Muddupalani ní ọmọ yín, ẹ ń fi í yangàn. Òǹkọ̀wé Chalam náà, tí wọ́n lé kúrò láwùjọ nítorí ìwé rẹ̀ Maidanam ní 1927, ti di ẹni tí àwọn ọmọ iléèwé yín ń jiyàn lé lórí. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ẹ ó kọ́kọ́ lé ọmọ jáde, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ẹ ó wá máa bi pé ibo ló wà, oúnjẹ rẹ̀ ti tutù.

Ẹ ó ní ẹ ti gbìyànjú nílé sinimá. Mo gbà. Mo ti wo Awe, ti 2018, tí Prasanth Varma darí. Inú mi dùn sí i gan-an níbẹ̀rẹ̀. Radha jókòó pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀ ní ilé oúnjẹ, ó ti sọ fún wọn pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́, Krish lorúkọ rẹ̀. Àwọn òbí ń na ọrùn wo ilẹ̀kùn, wọ́n ń wá ọkùnrin. Krishnaveni ló wọlé, Nithya Menen, pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀. Kò sí orin ẹ̀sín lẹ́yìn, kò sí ẹni tó sún àga. Krish bá wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn gidi. Mo ní, ó ti dé!

Nígbà tó wá kù díẹ̀ kí fíìmù parí, ẹ ṣàlàyé fún wa pé gbogbo àwọn tí a ń wò láti àárọ̀, orí obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Ọkàn rẹ̀ ló gbọgbẹ́, ló fi pín sí wẹ́wẹ́. Radha ò sí. Krish ò sí.

Ìyá! Ẹ rí mi báyìí? Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi dúró, ẹ fún mi ní tọkọtaya tí kò sí níbì kankan. Ẹ ó ní kì í ṣe àwọn nìkan, pé alásè inú fíìmù náà kò sí, ẹja tó ń sọ̀rọ̀ kò sí, igi inú ìkòkò tó ń fèsì kò sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n alásè wà nínú fíìmù yín mìíràn, ó pọ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, tí wọ́n jókòó síwájú òbí láìsí ẹ̀sín, ibo ni kí n tún lọ wò wọ́n? Ṣé Maa Ishtam ti Ram Gopal Varma, 2022, ni? Ilé sinimá ńlá ńlá kọ̀ láti gbé ìyẹn, mo sì lòdì sí kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí pátákó ìpolówó rẹ̀, mo mọ̀ pé ojú ọkùnrin ló ya àwòrán náà, fún ojú ọkùnrin mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi àwọn ẹgbẹ́ yín halẹ̀ mọ́ yín díẹ̀. Ìyá Kannada, tí ẹ jọ ń pààlà, ti ní Vasudhendra, tó kọ Mohanaswamy ní 2013, ìwé ìtàn kéékèèké nípa ọkùnrin kan tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin, láti ìlú kékeré dé Bangalore, pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù rẹ̀, òǹkọ̀wé náà sì sọ ní gbangba pé òun náà ni. Ìyá Malayalam wá ṣe èyí tó dùn mí jù fún yín. Ní oṣù kọkànlá 2023, Mammootty, ẹni ọdún 72, ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ wọn tó ga jù, fi owó ara rẹ̀ ṣe Kaathal: The Core. Ó ṣe ọkùnrin abúlé kan tó ń díje nínú ìdìbò kékeré, tí ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé òun fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ọkùnrin ló fẹ́ràn, tó sì ti fi í pa mọ́ láti ogún ọdún. Kò na ẹnikẹ́ni. Kò já bọ́ láti inú hẹlikópítà. Ó kàn jókòó, ojú rẹ̀ sì ń sọ gbogbo ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Ìyàwó náà kò bú u. Ó fẹ́ kí àwọn méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ irọ́ náà.

Mammootty yìí kan náà lẹ yá ní 2019! Ẹ ní kó wá ṣe olóṣèlú yín, Y. S. Rajasekhara Reddy, fún yín nínú fíìmù Yatra, kó rìn káàkiri abúlé, kó máa gbọ́ ẹ̀dùn àwọn àgbẹ̀. Ó ṣe é. Ó padà sílé, ó tún ṣe olóṣèlú mìíràn. Ẹ ti ní aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ò mọ̀ pé ó tún bá ara mìíràn mu. Àwọn akọni tiyín tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ ṣì ń fi wọ́n jó pẹ̀lú ọmọge ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí òkè yìnyín, ẹ̀yìn wọn sì ń dùn wọ́n. Ẹ ò ṣe fún ọ̀kan nínú wọn ní àga, kó jókòó, kó sọ òtítọ́?

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ìtàn náà ti ń lọ ní pálọ̀ yín, àlejò ló ń sọ ọ́. Hoshang Merchant, akéwì tó kọ́ àwọn ọmọ ní Yunifásítì Hyderabad fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló kó Yaarana jọ ní 1999, ìwé àwọn ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin ní Íńdíà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ. Ní oṣù kejìlá 2021, ọkùnrin méjì tó ń gbé Hyderabad, Supriyo Chakraborty àti Abhay Dang, pe ẹbí, wọ́n pe ọ̀rẹ́, wọ́n ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn ìlú. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Bengal, èkejì jẹ́ ọmọ Punjab, àṣà ilé àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ṣe. Ilẹ̀ yín, òdòdó yín, oòrùn yín, orin àlejò. Orúkọ Supriyo ló wà lórí ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà dá ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2023, tó ní àwọn kò lè fún irú wọn ní ẹ̀tọ́ ìgbéyàwó, pé kí ilé aṣòfin rí sí i.

Òfin tó lágbára jù ti kúrò kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Abala 377 tí Gẹ̀ẹ́sì kọ ní 1860, tó lè sọ ọkùnrin tó bá ọkùnrin lò pọ̀ sẹ́wọ̀n gbére, ilé ẹjọ́ Delhi bọ́ ọ lára àwọn àgbàlagbà ní 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a padà ní 2013, òun náà ló sì tún bọ́ ọ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 2018. Ẹ̀yin tiẹ̀ ti rí ìyẹn. Níbi tí mo ti ń kọ̀wé sí yín, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló fi òfin tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa, a kò sì kàn tọ́jú rẹ̀, a fi kún un: láti 2014, ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ̀wọ̀n ọkùnrin méjì tó bá ní àwọn fẹ́ ara wọn. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò ló ń bá yín sọ̀rọ̀ nípa ilé yín. Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi júbà tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun kan nípa gírámà, kí ẹ tó ní ẹ̀fẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Ní Yorùbá, "ó dé" ni. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ajá ni o, ó dé. Ọ̀rọ̀ ìṣe tiyín kì í pa àṣírí mọ́. Tí ẹ bá ní vachadu, ọkùnrin ló dé. Tí ẹ bá ní vachindi, obìnrin ló dé, tàbí màlúù, tàbí ọkọ̀ ojú irin. (Bí ìyá ṣe gbà kí wọ́n fi òun àti rélùwéè sí ìlà kan, ẹ ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ mìíràn.) Ṣùgbọ́n ẹ ní vacharu: wọ́n dé. Bàbá ló dé, vacharu. Ìyá ló dé, vacharu. Bí àwa náà ṣe ń sọ "wọ́n dé" fún àgbà kan ṣoṣo. Èdè yín fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún, a kì í bi í ní ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Mo tilẹ̀ ń ronú pé bí Radha ṣe fi Krish pa mọ́ fún àwọn òbí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn: ọ̀wọ̀ ló ń bù fún un.

Ibì kejì tí èdè yín ti ń pa ẹnu mọ́ ni "èmi" àti "ìwọ". Vachanu: mo dé. Vachavu: o dé. Kò sí akọ, kò sí abo. Ẹni tó bá dojú kọ olólùfẹ́ rẹ̀, tó sọ fún un ní Telugu pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò lè mọ̀ bóyá ọkùnrin méjì ni, obìnrin méjì ni, tàbí ọ̀kan ọ̀kan. Kshetrayya mọ ìyẹn ní ọ̀rúndún 17. Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin ìfẹ́ rẹ̀ sí Krishna, obìnrin ló ń sọ "èmi". Àwọn obìnrin ń fi ẹsẹ̀ jó o, àwọn ọkùnrin ń mi orí sí i.

Nítorí náà, nǹkan tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ga. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ ìtàn àwọn ọmọ yín yìí: ó dé, ó lọ, teda. Onífíìmù àwàdà ń sọ ọ́, adájọ́ ń sọ ọ́, àlejò ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn sọ vachanu. Ẹni tó ń ṣe ìwé wà níbẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́, kó má ní òǹkàwé kò ní rà á kó tó bi òǹkàwé. Ẹni tó ń fi owó sí fíìmù wà níbẹ̀, ẹni tó ti fi owó fún ọkùnrin ní sárì láti jó níwájú Gangamma. Kó tún ra sárì kan. Àwọn ọmọ yín yìí ti ń rìn ní ìgboro Hyderabad láti 2013, wọ́n pe ìrìn náà ní Swabhimana Yatra, ìrìn iyì ara ẹni, orúkọ Telugu. Wọ́n ti fún yín ní àkọlé, ìwé ló kù.

Ẹ sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún "àwa", ohun tí mo ń jowú yín lé lórí: memu, àwa láìsí ìwọ, manam, àwa pẹ̀lú ìwọ. Nígbà tí ẹ bá ní "nínú àṣà wa, kò sí irú ẹ̀", èwo lẹ ń lò? Ẹ dá mi lóhùn sínú lẹ́tà tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tí fíìmù náà bá jáde, ẹ bá wa fi àkọlé Yorùbá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò ní ná yín ní nǹkan púpọ̀, ìyàwó mi sì ti ní òun máa jókòó wò ó parí, kò ní í pa tẹlifíṣàn. Ti àwa rọrùn: "ó" la máa kọ fún àwọn méjèèjì.

Èmi ni ọmọ yín,
Bàbá Àdùnní,
Ìbàdàn.